Afẹ́fẹ́ Tó Fo Ilé Wa

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé o ti ń jẹun lásìkò, àbí o ṣì ń mu tíì lásán títí oòrùn fi ń wọ̀? Tó o bá béèrè wa, a wà, bàbá rẹ wà, òrùlé wà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òrùlé yẹn lojú rẹ máa kọ́kọ́ wá, ìdí nìyẹn tí mo fi tètè kọ ọ́ síbí kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ kó o tó ka ìyókù. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ níbi tójú wa ò dé kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Ẹni tó bá jókòó ti ọ̀rọ̀ rẹ láti bà á jẹ́, àga abẹ́ rẹ̀ á yẹ̀. Ilé gíga tó ò ń gbé yẹn, àpótí tó ń gbé yín lọ sókè sódò kò ní há mọ́ ọ nínú, tó bá sì máa há, kò ní jẹ́ lọ́jọ́ tébi ń pa ọ́. Àmín.

Mo mọ̀ pé o máa béèrè pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Ọmọ mi, fóònù wà, ó jókòó síwájú mi níbí, mo ti fi aṣọ ìnura bò ó kó má baà rí ohun tí mò ń kọ. Àbúrò rẹ ló sọ pé àwọn fóònù ìsinsìnyí máa ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ èèyàn, pé òun kàn sọ̀rọ̀ bàtà níjọ́ kan, láti ọjọ́ náà ni fóònù ti ń fi bàtà han òun. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí ti di ẹjọ́, káńsẹ́lọ̀ fúnra rẹ̀ ló pè é, mi ò fẹ́ kí fóònù gbé e kiri. Ohun tí mo sì fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, ìwé ni, ìwé tó ní òǹtẹ̀ ọ́fíìsì yín. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá kàn já a lù ọ́ báyìí, o máa rò pé ọjọ́ ogbó ti dé sí mi.

Ṣé o rántí fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n fún ọ ní ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́? Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ síwájú àpótí onígíláàsì gbọọrọ kan, fáànù ràbàtà wà ní ìdí kan, ilé kékeré kan wà láàárín, ó ní fèrèsé, ó ní òrùlé pupa, kò séèyàn nínú rẹ̀. Mo wò ó títí. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ẹ wo ọmọ tó yẹ kó máa ra ohun ìṣeré fún ọmọ tiẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ilé ọmọdé ṣeré yìí. Bàbá rẹ ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé ó lè jẹ́ ilé tó o fẹ́ kọ́ fún wa ni, pé kékeré lo kọ́kọ́ fi ń dánra wò. Wọ́n tiẹ̀ ti yan yàrá tó máa jẹ́ tiwọn nínú fọ́tò yẹn, èyí tó kọjú sí fáànù.

Nígbà tó o wá ṣàlàyé pé iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ilé kékeré náà, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí òrùlé rẹ̀ ti máa kọ́kọ́ ṣí, oorun ò kùn mí. Ṣé wọ́n wá ń san owó oṣù fún ọ kó o máa ba ilé onílé jẹ́ ni? Nígbà tí aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì béèrè iṣẹ́ tó ò ń ṣe, báńkì ni mo pè é, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn. Aránṣọ ti wá kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ o, ó wà nínú àpòòwé yìí. Ó ní kó o jọ̀ọ́ bá òun ṣọ́ ẹni tó máa ń wọ inú owó òun ní ìparí oṣooṣù, tó máa ń mú díẹ̀ níbẹ̀, tó sì tún máa ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òun pé òun ti mú un. Ó ní irú ìwà àfojúdi wo nìyẹn. Mo ní o máa rí ẹni náà mú. Tó o bá rí i, kàn fà á létí ni, má jẹ́ kí wọ́n lé e kúrò níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ okùn ló fa gbogbo èyí, ìwọ náà mọ̀. Láti ìgbà tí ìjì òjò èṣí ti ṣí yàrá ẹ̀yìn, tó ká páànù ibẹ̀ bí ìwé, tó sì lọ jù ú sí ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíì, bàbá rẹ ò fọkàn tán òrùlé mọ́. Wọ́n so okùn mọ́ igi inú àjà, wọ́n jẹ́ kó gba ojú ihò sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá, bí afẹ́fẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, wọ́n á jókòó sórí àga, wọ́n á fi okùn wé ọwọ́, wọ́n á máa di ilé mú. Mo ní ẹ̀yin baba yìí, tí òrùlé bá fẹ́ lọ, ṣé ẹ̀yin lẹ máa dá a dúró? Wọ́n ní ó kéré tán, àwọn á mọ ibi tó gbà. Ìwọ náà wá lọ pè wá lórí fídíò lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, o rí bàbá rẹ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, o bú sẹ́kún. O ní irin kan máa gun orí òrùlé wa kí òjò ọdún yìí tó dé, tí kò bá gùn ún, o máa fi mọ́tò wá kó àwa méjèèjì wá sọ́dọ̀ rẹ, a ò sì ní padà.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun bàbá rẹ ju ìjì lọ. O ò mọ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n wá kí ọ níjọ́sí, wọ́n kí gbogbo èèyàn inú àpótí tó ń gòkè yẹn, kò sẹ́ni tó dáhùn, àwọn kan tiẹ̀ ń wo ògiri. Wọ́n jáde lọ gba atẹ́gùn díẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn ti ara rẹ̀ pa mọ́ wọn síta, orí àtẹ̀gùn ni wọ́n jókòó sí pẹ̀lú sálúbàtà rẹ lẹ́sẹ̀ títí o fi tibi iṣẹ́ dé. Wọn ò sọ fún ọ pé ó dùn wọ́n. Èmi ni wọ́n sọ fún. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé ibi tí ilẹ̀kùn ti ń pàṣẹ fún onílé lọmọ àwọn ń gbé, àwọn á máa gbàdúrà fún un láti ibí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ irin yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin lásán lójú wa. Tí òrùlé bá lọ, a lọ.

Mo gbọ́ àlàyé tó o sọ sínú fóònù, mo gbọ́ ọ léraléra. O ní afẹ́fẹ́ kì í ti òrùlé wó, pé ṣe ló máa ń fà á sókè. O ní tó bá kọ lu ògiri, á gun òkè, tó bá wá dé etí òrùlé, á yí, á ká ara rẹ̀ bí ẹní, ibi tó ti ká yẹn ni á ti máa fa páànù bí ẹni ń fa ohun mímu nínú ìgò. O ní irin oníhò tó o fẹ́ fi ránṣẹ́, tí wọ́n bá kàn án mọ́ etí òrùlé àti àwọn igun, á máa ya ẹní náà sí wẹ́wẹ́, kò ní jẹ́ kó rí ara rẹ̀ ká. Gbogbo rẹ̀ yé mi. Ohun kan ṣoṣo tí kò yé mi ni ẹni tó ń ká a.

Irin dé. Dírẹ́bà gbé e wá, ó gùn, ó ń dán, ihò wẹ́wẹ́ kún gbogbo ara rẹ̀ bí asẹ́, pẹ̀lú ìṣó tí wọ́n ń yí wọlé, nínú ọ̀rá tuntun. Orí mi wú. Mo nù ún, mo tún fi òróró díẹ̀ pa á lára. Ọmọ mi, gbọ́ tẹnu mi kó o tó tún bínú. Ohun tí ọmọ ẹni fi owó ara rẹ̀ rà, tó ń dán tó báyìí, ṣé ìta lèèyàn á gbé e sí kí òjò máa pa á, kí ẹyẹ máa yàgbẹ́ sí i lórí? Aago ògiri tó o rà fún wa, inú páálí rẹ̀ ló ṣì wà, kò tíì ṣiṣẹ́ rí, kò sì lè bà jẹ́. Èmi àti bàbá rẹ jókòó, a rò ó. A ní ìjì ló ń bọ̀ yìí, irin tuntun kọ́ ló yẹ kó wà níta nígbà ìjì, tí ìjì bá ti lọ tán, a ó gbé e síbi tó o ní ká gbé e sí. Káfíńtà tá a ń pè ní Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀, torí pé ohunkóhun tó bá ṣe, bó wọ́ bó tọ́, ohun tó máa ń wí nìyẹn, òun ló bá wa kàn án yí ògiri pálọ̀ po lókè, níbi tí àlejò á ti tètè rí i. Aránṣọ wò ó, ó ní ó dà bí pálọ̀ àwọn olówó.

Nígbà tó o wá pè lórí fídíò, tó o ní Màámi, ṣé wọ́n ti kàn án, mo ní wọ́n ti kàn án, ó sì rẹwà. O ní kí n gbé fóònù sókè kó o rí i. Mo gbé e sókè. Ojú rẹ dúró sójú kan, mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló gbé ọ lọ, mo nu ojú fóònù, mo gbọ̀n ọ́n. O wá béèrè lóhùn jẹ́jẹ́ pé Màámi, ṣé ògiri pálọ̀ nìyẹn? Mo ní òun ni. O ní ṣé inú pálọ̀ ni ìjì ti máa ń jà ni? Mo ní ká má rírú ẹ̀, Ọlọ́run má jẹ́. Igbe tó o wá ké lẹ́yìn ìyẹn, bàbá rẹ gbọ́ ọ ní ẹ̀yìnkùlé láìlo fóònù. Mi ò bínú o. Mo kàn ní kí n rán ọ létí pé èmi ni mo bí ọ.

Ọjọ́ kejì ni Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀ tú u, tó gbé àkàbà wá. Bàbá rẹ dúró sísàlẹ̀, wọ́n ń bá a jà. Wọ́n ní òrùlé tá a ń bẹ Ọlọ́run kó má jò, ẹ tún wá fi nǹkan oníhò sí i létí. Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀ ní Bàbá, ihò yìí kì í ṣe ti òjò, ti afẹ́fẹ́ ni. Bàbá rẹ ní ta ló máa sọ fún òjò. Wọ́n fà á títí, ìwọ ní láti bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o rántí, wọ́n sì gbà lórí pé okùn ò ní kúrò níbi tó wà. Mo ní ẹ jẹ́ kó wà, ṣé a ń fún un lóúnjẹ ni. Báyìí ni irin ṣe gun òrùlé ní etí gbogbo àti igun gbogbo. Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó, ó ní ó tó bẹ́ẹ̀.

Kí n tó dé orí ìjì, jẹ́ kí n sọ ti káńsẹ́lọ̀. Ilé rẹ̀ ló tẹ̀ lé tiwa, o mọ̀ ọ́n, ilé tí òrùlé rẹ̀ dà bí fìlà mẹ́ta tí wọ́n dé léra wọn. Etí òrùlé náà yọ síta débi pé tí òjò bá ń rọ̀, èèyàn lè ta ọjà lábẹ́ rẹ̀. Ó pe gbogbo àdúgbò sípàdé nínú yàrá ńlá ilé ìwé, ó ní ìpàdé ìgbaradì fún ìjì. Ó sọ̀rọ̀ títí. Ó ní ìjọba ò sùn, pé wọ́n ti gbé ìgbìmọ̀ dìde, pé ìgbìmọ̀ náà ti jókòó, bàbá rẹ sì sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́ pé ìyẹn ni pé àwọn náà ò tíì dìde tán. Ó ní kí gbogbo wa máa wo òrùlé òun bí àwòkọ́ṣe. Lẹ́yìn náà ló pín kàlẹ́ńdà tí fọ́tò rẹ̀ wà lára, òun níwájú ilé, òrùlé lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tún ní ká buwọ́ lu fọ́ọ̀mù pé a ti gba ohun ìdáàbòbò lọ́wọ́ ìjì. Mo buwọ́ lù ú. Kàlẹ́ńdà náà nípọn, mo ti fi dí ihò fèrèsé ilé ìdáná, mi ò lè ní kò wúlò.

Ọjọ́ ìjì wá dé. Àbúrò rẹ ti fi nǹkan kan sínú fóònù mi tó ń sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí. Lọ́jọ́ náà ó ní ìjì ń bọ̀, ó kọ àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún síbẹ̀. Mo fi han bàbá rẹ. Wọ́n ní ó yé àwọn, ìdajì ilé ló máa kàn nìyẹn. Àwọn àti Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀ bọ́ sí àárín títì láti mọ ìdajì wo ni. Wọ́n jọ gbà pé ọwọ́ òsì ni, torí ọdún tó kọjá ọwọ́ ọ̀tún ló kàn, Ọlọ́run kì í ṣe ojúsàájú. Ọwọ́ ọ̀tún la wà, inú bàbá rẹ dùn. Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀ wá béèrè pé ọwọ́ òsì téèyàn bá ń lọ ni, àbí téèyàn bá ń bọ̀? Bàbá rẹ wọlé, wọ́n lọ mú okùn wọn.

Mò ń ká aṣọ lọ́wọ́ nígbà tó dé. Ojú ọ̀run ṣú, eruku gbéra nílẹ̀, àwo tí mo sá síta ń yí lọ ní títì bí ẹni wọ́n rán níṣẹ́. Mo sáré wọlé, mo tilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni irin tó o fi ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. O ò sọ fún wa pé á máa súfèé o! Ó ń súfèé kárí ilé bí ọmọkùnrin tí kò ní ẹ̀kọ́, afẹ́fẹ́ ń bú, òun ń súfèé sí i. Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Mo ní Ọlọ́run, má jẹ́ kí òrùlé yìí lọ, àtẹ̀gùn ilé ọmọ wa yẹn ga jù fún ọkọ mi.

Bàbá rẹ ti fi okùn wé ọwọ́, wọ́n tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń retí kí òrùlé fà. Okùn náà rọ̀. Wọ́n fà á díẹ̀ láti wò ó bóyá ó ti já. Kò já. Wọ́n tún dúró. Wọ́n wojú mi, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ọdún yìí ò fọkàn sí iṣẹ́. Èmi ń sunkún, àwọn ń bínú pé wọn ò rí ẹni bá wọn jà. Nígbà tí mo tún máa wò wọ́n, orí ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu là díẹ̀, wọ́n ti sùn lọ. Ọmọ mi, láti òjò èṣí, mi ò rí i kí bàbá rẹ sùn nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kódà èyí tó kàn ń mi kọ́tìnì. Mo dìde kúrò nílẹ̀, mo jókòó tì wọ́n. Mi ò jí wọn. Ìjì ń pariwo, mo sì rí i pé èmi ni mò ń sọ fún un pé kó rọra, ẹnìkan ń sùn.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ gbàù. Kì í ṣe tiwa. Òrùlé káńsẹ́lọ̀ ló gbéra, fìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó fò kọjá títì, ó lọ jókòó sórí pápá ilé ìwé ní òòró gangan, bíi pé wọ́n kọ́ ọ síbẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Nígbà tí òjò dá, àwọn ọmọ ilé ìwé ti wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ tutù ju kíláàsì lọ.

Ọ̀rọ̀ wá di ẹjọ́. Káńsẹ́lọ̀ kó àwọn àgbà àdúgbò wá sí pálọ̀ wa. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà, òun kàn fẹ́ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gbé òrùlé wa gbà lọ. Ó ní títì yìí ló bá wá, ilé wa ló kọ́kọ́ dé, irin wa lé e, ó bínú, ó bọ́ sí tòun. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Tíṣà sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì wá tún jíìgì ojú rẹ̀ ṣe, ó ní nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, agbára kì í ṣègbé, pé tó bá kúrò níbì kan, ó ti lọ síbòmíì nìyẹn. Ọmọ mi, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Torí èmi náà rántí pé wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo tiẹ̀ gbà á dáadáa nínú ìdánwò. Gbogbo pálọ̀ ń mirí. Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé òun ló kan irin náà, mirí jù wọ́n lọ. Káńsẹ́lọ̀ ní kí wọ́n tú irin náà kúrò títí òun á fi kọ́ òrùlé mìíràn, kí afẹ́fẹ́ lè máa kárí gbogbo wa dọ́gbadọ́gba. Wọ́n fẹnu kò sí i. Wọ́n ní kí Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀ lọ gbé àkàbà.

Bàbá rẹ, tí wọn ò fẹ́ irin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, dìde. Wọ́n gbé àga, wọ́n gbé e síta, wọ́n jókòó sí ẹsẹ̀ àkàbà, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn dí i. Wọ́n ní irin ọmọ àwọn ni. Wọ́n ní láti òjò èṣí, àná làwọn tó sùn, ẹni tó bá fẹ́ tú oorun àwọn, kó kọ́kọ́ gba orí àwọn kọjá. Káńsẹ́lọ̀ ní Bàbá, ẹ má jẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ti dà bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí ojú ọ̀run tún fi ṣú, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ìyàwó káńsẹ́lọ̀ yọ lójú ọ̀nà, matírẹ́ẹ̀sì lórí, àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé e. Kò wo ọkọ rẹ̀. Ó kí bàbá rẹ, ó kí mi, ó wọlé, ó tẹ́ matírẹ́ẹ̀sì sí pálọ̀ wa. Ó wá yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé Dádì, ẹ máa bá ẹjọ́ yín lọ, tẹ́ ẹ bá wá tú òrùlé kejì tó yẹ kí àwọn ọmọ yìí sùn sí lábẹ́, ẹ máa lọ sùn lábẹ́ fìlà yín ní pápá. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà tiwọn. Tíṣà ní òun ti gbàgbé nǹkan kan sórí iná.

Bọ́rọ̀ ṣe rí títí di òní nìyí: ẹjọ́ ò tíì parí, torí káńsẹ́lọ̀ ò fà á sẹ́yìn. Ní àárọ̀, á wọ aṣọ, á jáde lọ sọ fún aráyé pé irin wa ló gbé òrùlé òun lọ. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, á ní ẹ kú ilé, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á wọlé sùn sábẹ́ irin náà. Tó bá ń súfèé, á kígbe láti pálọ̀ pé ṣé ó ṣì wà níbẹ̀ dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ nìyí. Kọ ìwé kan wá, kó ní òǹtẹ̀, kó ní orúkọ ọ̀gá yín, kẹ́ ẹ sọ pé afẹ́fẹ́ tó bá kúrò lórí ilé wa kì í lọ bá ẹnìkan ní pàtó. Tó bá sì jẹ́ pé ó máa ń lọ bá èèyàn lóòótọ́, má kọ ìyẹn, kọ nǹkan mìíràn. Fi irin ránṣẹ́ fún káńsẹ́lọ̀ náà, púpọ̀, èyí tó máa ká a yípo, kó lè rí òrùlé kọ́ tí kò ní fò, kó sì máa lọ sílé rẹ̀. Ọmọdé pọ̀ nílé báyìí, wọ́n ń jẹun, ara wọn sì le, nítorí náà fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, bó ti wù kó mọ. Aránṣọ àti àwọn tó kù ti ń béèrè irin tiwọn, mo ti bá ọ ṣèlérí fún gbogbo títì, ọ̀tún àti òsì, kó o mọ̀.

Ọ̀rọ̀ pé o máa wá kó wa, fi í sílẹ̀. Òrùlé ò lọ, àwa náà ò lọ. Tó o bá fẹ́ rí wa, ìwọ ni kó o máa bọ̀, ilẹ̀kùn wa kì í ti ara rẹ̀. Wá nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kó o rí bí bàbá rẹ ṣe ń sùn. Tí ẹnìkan bá wà tó fẹ́ bá ọ wá, mú un dání, mi ò ní béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kódà kó jẹ́ ẹni tó ń tan fáànù yẹn.

Ibi tó o bá fẹ̀yìn lé kò ní yẹ̀. Ohun tó o bá kàn mọ́lẹ̀ á dúró, ohun tó o bá kàn sókè náà á dúró. Ọ̀rọ̀ ibi tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, ihò ni yóò bá jáde. Bàbá rẹ ní kí n bá àwọn ṣe àmín, wọ́n ti dùbúlẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń kọ̀wé ní ilé ìdáná, torí pé káńsẹ́lọ̀ ti na ẹsẹ̀ rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀.